Ojú Ọmọ́tọ́lá Ti Dán

Bí Ọmọ́tọ́lá ṣe fẹ́ ju hóró oògùn náà sẹ́nu ni iná mọ̀nàmọ́ná dé lójijì, ó sì rí i pé yẹ́lò ni. Oògùn tirẹ̀, funfun ni.

Ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú bí ẹni tí kòkòrò bà lé lọ́wọ́. Iná kì í sábà sí ní kùtùkùtù ní àdúgbò wọn lójú ọ̀nà Ekenwan. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ti Ọ̀wọ̀ wá tọ́jú rẹ̀, inú òkùnkùn ni ìyá ti ń fi oògùn sí i lọ́wọ́, wákàtí kan kó tó jẹun, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí. Òun náà á sì gbé e mì.

Oògùn funfun náà ló ń dí jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ́wọ́. Kò lè wò ó sàn, dókítà kò purọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó lè dá a dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù bí kò bá pa ọjọ́ kankan jẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ikọ́ lọ. Irorẹ́ wá bo ojú àti àyà rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kó sùn. Ẹ̀gbẹ́ èékánná rẹ̀ ń ṣọgbẹ́, kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Uselu. Dókítà ní kó má bínú sí irorẹ́, pé lára ọ̀pọ̀ èèyàn, àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ni. Ó rọrùn fún dókítà láti sọ. Kì í ṣe ojú tirẹ̀ ló bàjẹ́.

Lẹ́nu ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ọbẹ̀ ata tún ṣeé jẹ. Ó rán búláòsì méjì parí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti sọ fún Pásítọ̀ pé òun yóò jẹ́rìí nínú ìsìn Yorùbá lónìí, ọjọ́ Àìkú.

"Màámi, kí lẹ ń fún mi?"

Ìyá gbé ife omi sílẹ̀. Kò tilẹ̀ gbìyànjú láti purọ́.

"Oògùn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sára ni. Ọjà Santana ni mo ti rà á. Ikọ́ ni ẹ sọ fún mi, Tọ́lá, ìwọ àti ọkọ ẹ. Ikọ́ sì ti lọ. Ojú ọmọ mi wá dà bí ojú ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá jà. Kí la tún ń fi oògùn ikọ́ ṣe?"

Ọmọ́tọ́lá fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Ta ni yóò pariwo mọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má sọ fún Màámi, nítorí ìyá náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Olúwadámisí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Mummy, your face don clear finish! You fine o!" Ó ti lọ wẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn.

"Jẹjẹrẹ ni, Màámi," ni Ọmọ́tọ́lá wí. "Inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà. Oògùn yẹn ló ń mú un dání."

Màámi fi ọwọ́ wá ògiri, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀. Ó yọ ọ̀rá kékeré kan, hóró funfun mọ́kànlélógún wà nínú rẹ̀.

"Mi ò da ìkankan nù," ló ń wí. "Mi ò da ìkankan nù, ọmọ mi."

Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, kò sí ọjọ́ tó dùn mọ́ ọn tó wọ̀nyẹn. Ó jẹun, ó sùn, ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà nínú àyà rẹ̀ náà kò sì jókòó lásán.

Ó mú hóró funfun kan, ó fi omi gbé e mì.

"Ṣé ojú yìí yóò tún bàjẹ́?" ni Màámi béèrè, omijé ti bo ojú tirẹ̀.

Ọmọ́tọ́lá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó jọ̀lọ̀, ẹ̀rù sì bà á. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé òun ti ń gbàdúrà látìgbà tí omi ti gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá, pé kí Ọlọ́run jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ojú òun tètè bàjẹ́.