Ohùn Ẹni Tí Kò Sanwó

Tẹ̀sùbáà ni mò ń tà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ọjà Mubarakiya, ní Kuwait, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́sàn-án, orí fóònù ni ọjà gidi wà. A ó ya àwòrán tẹ̀sùbáà, a ó gbé e sójú ewé wa, àwọn èèyàn á sì máa fi owó lé owó nísàlẹ̀ rẹ̀ títí di ìrun Alásárì ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ló ni ín. Ọjọ́ méjì la fún un láti sanwó. Fuhaid, àbúrò ìyàwó mi, ló ń bójú tó fóònù. Èmi ni mo mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Ẹni tó bá ń ta gbàǹjo báyìí mọ̀ pé àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn yá láti kọ iye, àmọ́ tí ọwọ́ náà kì í dé àpò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ti fi fóònù bàbá rẹ̀ ra tẹ̀sùbáà igba dínárì lọ́wọ́ wa rí. Ẹlòmíì á kọ iye nítorí kí ẹni tí wọ́n jọ ń jà má baà rí i rà. A ti bínú, a ti rẹ́rìn-ín, a sì ti pàdánù. Mo rò pé mo ti mọ irú wọn tán.

Ìyá Jarrah ló gbé tẹ̀sùbáà ọkọ rẹ̀ wá fún mi. Ọkọ náà, tó ṣiṣẹ́ aṣọ́bodè ní èbúté kó tó fẹ̀yìn tì, ti kú láti ọdún mẹ́rin. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ erékùṣù Failaka ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oje igi àtijọ́ tó ti di òkúta ni wọ́n fi ṣe tẹ̀sùbáà rẹ̀, kóró mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti jẹ àwọn kóró náà pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyá Jarrah, ṣé ó dá yín lójú?” ni mo bi í.

“Ó dá mi lójú. Mo fẹ́ fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga sàráà lórúkọ rẹ̀, níbi tí omi ti wọ́n. Tí mo bá tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí, ta ló máa ṣe láǹfààní?”

“Jarrah ńkọ́? Kò ní fẹ́ ẹ?”

Ojú rẹ̀ yí padà. “Jarrah wo? Èyí tó ta ọkọ̀ ojú omi bàbá ẹ̀ láìjẹ́ kí bàbá ẹ̀ mọ̀, tí wọ́n sin bàbá náà tán tí kò yọjú? Bàbá Nawwaf, bá mi ta nǹkan, jọ̀ọ́.”

Mo gbé e sójú ewé. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Failaka ló borí, irínwó dínárì ó dín mẹ́wàá. Àwọn ará Failaka pọ̀ nílùú. Orúkọ náà ò mú mi fura. Ọjọ́ méjì kọjá, ó di mẹ́rin. Fuhaid kọ̀wé sí i, ọkùnrin náà ní ká ṣe sùúrù. A lọ bá ẹni tí owó rẹ̀ ṣìkejì. Ẹni yẹn ò gbà á mọ́. Ó ní àwa fúnra wa la fi orúkọ èké gbé owó sókè. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

A tún gbé e síta. Ní Jímọ̀ kejì, ẹnì kan tó ń jẹ́ Atukọ̀ ló borí. Nígbà tí a béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀, nọ́ńbà Ọmọ Failaka gan-an ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin yìí ti sọ wá di ọ̀bọ!” Fuhaid pariwo. “Ó pààrọ̀ láwàní, kò pààrọ̀ orí!”

Ó kọ̀wé burúkú sí i. Ohùn ni ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ padà: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tà á fún ẹlòmíì. Òpin oṣù ni owó máa dọ́wọ́ mi. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò tàn yín. Ẹ ṣáà bá mi dì í mú.”

“Òpin oṣù!” ni Fuhaid wí. “Ṣé ìrẹsì àwìn ló pè é ni? Ẹ jẹ́ ká gbé ohùn ẹ̀ síta kí ayé gbọ́.”

Mi ò ní parọ́ mọ́ Fuhaid. Òun ló dá a lábàá, ṣùgbọ́n èmi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ọkùnrin náà wà níwájú mi. Mo lè pè é, kí n bi í pé kí ló dé. Mi ò pè é. Ẹni tó ní mo ń fi orúkọ èké tajà ló wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́. Mo gbé ohùn náà síta tòun ti nọ́ńbà, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ ṣọ́ra fún ẹlẹ́nu má-lówó yìí.”

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé ibi gbogbo. Ẹnì kan fi igbe ewúrẹ́ há a láàárín. Ẹnì kan ní òun fẹ́ fẹ́yàwó, kí wọ́n ṣáà bá òun di ìyàwó mú títí òpin oṣù. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní sẹ́.

Ní Jímọ̀ kẹta, ọkùnrin kan ní Jeddah san ọ̀ọ́dúnrún dínárì ó lé àádọ́ta lójú ẹsẹ̀. Ní àárọ̀ Àláàdì, tẹ̀sùbáà ti wọ bàálù. Mo fowó ránṣẹ́ sí Ìyá Jarrah, ó sì ṣàdúà fún mi.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àtàlátà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìkí ẹnikẹ́ni. Fóònù ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn náà sì jáde, pẹ̀lú igbe ewúrẹ́.

“Ibo lo ti rí eléyìí?” ló bi mí.

“Ìyá, ẹ má dá a lóhùn. Gbájú-ẹ̀ kan ni, òun ló fẹ́ ba ọjà yín—”

“Ọmọ mi ni.”

Mo fa àga fún un.

“Ọdún mẹ́fà ni mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀,” ló wí. “Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, mo ń bọ̀ láti ilé ìdáná, mo sì gbọ́ ọmọ mi lábẹ́ ẹ̀rín wọn.” Ó jókòó. Kò sunkún. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa eteetí ìborùn rẹ̀. “Èmi ni mo ní kó o tà á. Mi ò lè dá ọ lẹ́bi tán.”

A pe nọ́ńbà náà. Wọ́n ti pa fóònù náà. Ta ni ò ní pa fóònù tí ayé ń fi bú u? Mo yọ ohùn náà kúrò lójú ewé wa, ṣùgbọ́n omi tó ti dànù ni. Mo pe ọkùnrin Jeddah, mo ní màá san owó rẹ̀ padà, màá sì fi ọgọ́rùn-ún lé e.

“Arákùnrin mi, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi,” ló fèsì jẹ́jẹ́. “Àwọn kóró yẹn ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé e fún oníṣọ̀nà, ó ti gbẹ́ wọn róbótó. Dúró, màá fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́.”

Ó fi ránṣẹ́. Ó ń dán, ó dọ́gba, kò sí oníbàárà tí kò ní yìn ín. Kò sí ibì kankan lára rẹ̀ tí àtàǹpàkò èèyàn kàn rí.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, ní kété lẹ́yìn ìrun Àìlà, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó rù, bàtà rọ́bà ló wọ̀, òórùn ẹja sì wà lára rẹ̀. Àpò ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Nawwaf? Èmi ni Atukọ̀. Èmi náà ni Ọmọ Failaka. Oṣù ti parí, mo ti kówó yín dé.”

Fuhaid dìde, ó wọ inú ilé ẹrù lọ, kò sì jáde mọ́.

“Jókòó, Jarrah,” ni mo wí.

Ó ta gìrì. “Ta ló sorúkọ mi fún yín?”

“Ìyá ẹ. Ó dá ohùn ẹ mọ̀.”

Ó jókòó gbì. Mo ní kí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa lọ fi mọ́tò gbé Ìyá Jarrah wá kíákíá, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Jarrah, mi ò fi nǹkan pa mọ́. Mo fi àwòrán hàn án. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú, ó wò ó títí.

“Èyí kọ́ o.”

“Òun ni. Wọ́n ti tún un gbẹ́.”

Ó dá fóònù padà fún mi.

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé ti bàbá ẹ ni?” ni mo bi í.

“Kí ẹ lè sọ fún ìyá mi? Mi ò fẹ́ fọwọ́ lásán kanlẹ̀kùn wọn. Ọkọ̀ bàbá mi, mi ò rí i rà padà. Tẹ̀sùbáà yìí nìkan ló kù tí mo lè mú dání wọlé. Ọjà ẹja ní Fahaheel ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òpin oṣù ni wọ́n ń sanwó fún wa.” Ó gbé àpò ìwé náà lé itan. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ ò bi mí. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò bi mí.”

Kò pariwo. Ká ní ó bú mi ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Ìyá rẹ̀ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí gúlegúle. Ó rìn lọ bá a, ó fi ìkúùkù gbá a léjìká, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ó wá di apá aṣọ rẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kó bọ́.

“O ti rù, Jarrah.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá.”

“Ò ń rùn bí ẹja.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá.”

Mo mú tẹ̀sùbáà tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo nà án sí Jarrah. Ó wò ó, ó mi orí. “Ẹ ṣeun, Bàbá Nawwaf. Ti ẹlòmíì nìyẹn.” Wọ́n jọ jáde lọ, owó rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, tí ẹnì kan bá jẹ wá lówó, mo máa ń kọ́kọ́ pè é, mo máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹlẹ́tàn ló pọ̀ jù nínú wọn. Fuhaid ní ọkàn mi ti di búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Mi ò bá a jiyàn.

Mo máa ń rí Jarrah ní ọjọ́ Jímọ̀, tó bá gbé ìyá rẹ̀ wá sọ́jà. Ó máa ń kí mi, ó sì máa ń béèrè àlàáfíà ilé mi. Ṣùgbọ́n kì í dúró.