Fọ́tò tí Caroline Kò Jẹ́ Kó Ṣí

Kó tó di pé ẹgbẹ́ àdúgbò Ìdí-Ìṣin l'Ómù-Àrán ní kí gbogbo ará ilé máa fi fóònù ya ọ̀nà tí kò ṣeé fẹsẹ̀ rìn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní Ìyá Onífọ́tò. Caroline, Ìyá Iyìolúwa, ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kámẹ́rà ńlá tí kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn. Ta wá ni Hàjàrá, Ìyá Uwais? Télọ̀ ọ̀ọ́kán lásán, tí ojú fóònù rẹ̀ ti sán.

Àmọ́ nígbà òjò, Hàjàrá ya àwọn ọmọ iléèwé níbi tí wọ́n ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, tí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lọ sí pápá ìṣeré. Caroline náà ya ọ̀nà yẹn. Ó to àwọn ọmọ náà, ó ní kí wọ́n wọ bàtà, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fọ́tò méjèèjì dé ìpàdé, ẹnì kan bi Caroline pé ọjọ́ ìbí ta ni. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Fọ́tò Hàjàrá ló mú kí wọ́n da òkúta sí ọ̀nà pápá, òun náà ni wọ́n sì wá ń pè ní Ìyá Onífọ́tò.

Ó dun Caroline wọnú eegun. Bí Hàjàrá bá kí i, imú ló fi ń dáhùn. Bí wọ́n bá yin Hàjàrá, oúnjẹ á korò lẹ́nu rẹ̀. Òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà Caroline.

Ọ̀ẹ̀rùn dé. Sìmẹ́ǹtì tí àwọn ọmọ ìlú fi ránṣẹ́ kò lè tó ju ọ̀nà kan lọ. Tíṣà Rótìmí, alága ẹgbẹ́, ní kí oníkálukú fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Caroline lórí Wásáàpù, kó tẹ̀ wọ́n sórí bébà fún ìpàdé. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé Caroline wà lára àwọn tí wọ́n ń rò. Ọ̀gbàrá ti gbẹ́ kòtò dábùú rẹ̀. Ìyá Caroline, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ kan, ń bá a gbé. Dókítà ní kí màmá máa rìn láràárọ̀ kí ẹsẹ̀ náà má baà kú pátápátá. Iwájú ilé sì rèé, títì ọlọ́kọ̀ ni. Caroline ti ya kòtò náà fúnra rẹ̀. Ó gbá etí rẹ̀ mọ́ tónítóní kó tó yà á.

Fọ́tò Hàjàrá ló wọlé kẹ́yìn. Ó ṣì ń ṣe bàìbàì, kò tíì ṣí. Caroline rí orúkọ tó wà lókè.

"Èyí ni wọn ó tún máa yìn títí ilẹ̀ ó fi ṣú," ló wí. Kò jẹ́ kó ṣí. Ó pa á rẹ́.

Ní ìpàdé, Tíṣà wo àwọn bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. "Ìyá Iyìolúwa, ti Ìyá Uwais dà?"

"Kò ṣí, sà. Fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́."

Hàjàrá ti lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Rore, kò sí ẹni tó máa já a nírọ́. Wọ́n dé orí fọ́tò kòtò tí Caroline yà.

"Èyí mọ́ o," ni Àhmádù bíríkìlà wí. "Àgbàlagbà á fò ó."

Ọ̀nà ọjà ni wọ́n gbé sìmẹ́ǹtì fún. Ó dun Caroline díẹ̀, àmọ́ nígbà tó rántí pé ẹnikẹ́ni kò yin Hàjàrá lónìí, ara rẹ̀ yá gágá títí ó fi délé.

Ìyá rẹ̀ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí rẹ̀. "Ṣé wọ́n rí mi?"

"Níbo, Màámi?"

"Nínú fọ́tò Hàjàrá. Èmi ni mo ní kó yà mí. Láràárọ̀ tí o bá ti lọ ṣọ́ọ̀bù, mo í fìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò yẹn, n ó wá fọwọ́ fa ara mi gòkè lódìkejì. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀, ọkàn rẹ ò ní gbà á. Hàjàrá ní bí wọ́n bá fojú rí i, tiwa ni wọn ó kọ́kọ́ ṣe."

Caroline wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó rí i bí àtẹ́lẹwọ́ náà ti bó.

"Kò ṣí, Màámi."

"Háà." Ìyá rẹ̀ mi orí. "Kò burú. Fóònù ọmọ yẹn ti gbó. Sọ fún un kó padà wá lọ́la. N ó tún fìdí wọ́ ọ fún un."