Ìgò Ẹ̀pà Akáyín

Ẹ má bi mí bóyá ìṣínu àná dùn. Láti àárọ̀ ni ojú ti ń tì mí, mi ò tíì lè yọjú síta.

Ẹ̀pà lílọ̀ ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Màá yan ẹ̀pà, màá fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, màá gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọn kì í fi lọ ata, yóò kúnná títí yóò fi máa yọ òróró. Kálukú ló mọ bó ṣe ń jẹ tiẹ̀. Èmi, búrẹ́dì ni mò ń fi í sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè a máa fi jẹ bọ̀ọ̀lì. Shukurat ọmọ mi a máa pò ó mọ́ ògì. Ṣùgbọ́n eyín bàbá rẹ̀, Mùbàṣírù ọkọ mi, ti ká. Ẹ̀pà tó ń fi mu gaàrí láti kékeré, kò lè rún un mọ́. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹ̀pà. Yóò ti ìka bọ ìgò, yóò lá a, yóò gbé gaàrí tútù lé e, yóò wá dijú. Ẹ̀rín ló máa ń pa èmi. Shukurat ní tirẹ̀, ojú ló ń tì í.

Lánàá, àwọn àna wa wá láti Abígi láti bá wa ṣínu: Alhájì Nọ́fíù, Kúbúrá ìyàwó rẹ̀, àti Luqman ọmọ wọn tó fẹ́ fẹ́ Shukurat. Àtàárọ̀ ni Shukurat ti ń dà mí láàmú.

"Mọ́mì, ẹ sọ fún Dádì kí wọ́n má lá ìka o. Àwọn àlejò á ní a ò lajú."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ìka yẹn náà ló fi roko tó fi rán ẹ níléèwé."

A kírun Mọ̀gáríbì tán, a jókòó. Ọkọ mi po gaàrí, ó nawọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀, níbi tí ìgò rẹ̀ máa ń wà. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo Shukurat. Shukurat ń wolẹ̀. Ó bá mu gaàrí lásán.

Ni Alhájì Nọ́fíù bá rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé òun náà ò léyín iwájú. "Àna mi, ẹ̀pà tí ìyàwó yín ń lọ̀ dà? Ẹ fún mi díẹ̀ kí n fi mu gaàrí tèmi."

"Ó ti tán, Alhájì," ni ọkọ mi wí. "Èmi ni mo lá a tán ní sààrì."

Irọ́! Ọ̀sán ni mo gbé ìgò náà dé láti ẹ̀rọ, ó kún dẹ́nu. Ọkùnrin tí kì í purọ́, nínú oṣù ààwẹ̀! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ṣẹ́jú sí mi. Kúbúrá ní, "Háà, ẹ̀yin ọlọ́kánjúà yìí, ẹ ò tiẹ̀ rántí àlejò!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi bàjẹ́.

Shukurat dìde, ó wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ìgò ẹ̀pà wà lọ́wọ́ rẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Dádì ò jẹ ẹ́. Èmi ni mo gbé e pamọ́ sínú àpótí aṣọ mi. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń lá ìka."

Alhájì Nọ́fíù gba ìgò, ó ṣí i, ó ti ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́ tààrà, ó lá a, ó wá tì í sọ́dọ̀ ọkọ mi. Àwọn akáyín méjèèjì ń lá ẹ̀pà, wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Kúbúrá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ mi tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ló ń wò. Ó ní:

"Shukurat, eyín tèmi náà ti ń mì. Tó bá ká tán, ibo lo máa gbé mi pamọ́ sí?"

Ọmọ mi dorí kodò. Èmi tí mo bí i náà, ìbéèrè yẹn ni mò ń bi ara mi títí di ìsinsìnyí.