Àpò Awọ Tíṣà

Bọ́láwùmí ti da omi kejì nù kó tó mọ̀ pé kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń jáde lára àpò náà. Ó gbé e sókè, ó rí i pé gbogbo ibi tí kànìnkànìn ti kàn ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Àyà rẹ̀ já.

Ọdún ìkórè ló kó o sí i. Ní ìjọ wọn ní Ìlá, ìyàwó ilé ní í fọ gbogbo ohun tí àgbà máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, títí kan àpò Bíbélì. Bọ́láwùmí ò sì fẹ́ kí wọ́n wí pé òun fi ìyá ọkọ òun sínú ìdọ̀tí. Ìmọ́tótó tirẹ̀ náà ti pọ̀ jù, ká má parọ́.

Bàbá ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ni àpò. Àwọ̀ rẹ̀ ò dúdú nígbà tó rà á. Òógùn ọwọ́, àdí tó fi ń pa á, oòrùn ọ̀nà ìlú Ọ̀rà níbi tó ti ń ṣe tíṣà, àti ọ̀pọ̀ ọdún ló sọ ọ́ di dúdú tó ń dán, tó sì rọ̀ bí etí ọmọdé. Láti ìgbà tí ìgbàgbé ti dé bá Màmá Zipporah, opó rẹ̀, àpò yìí ló máa ń fọwọ́ pa. Á ní, "Bàbá Adéwùmí ló ni ín." Ibẹ̀ ni yóò ti rántí pé òun bí Adéwùmí, ọkọ Bọ́láwùmí, pé ọmọ náà ló ń wọlé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ yìí. Kò tún sí nǹkan mìíràn tó ń rán an létí.

Bọ́láwùmí sá àpò sóòrùn, ó le gbagidi. Ó fi òrí ra á, kò dúdú. Ó mú pólíìṣì bàtà, ó tún gbé e sílẹ̀, torí òórùn rẹ̀ á tú u fó.

Màmá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó mọ̀, ó sì nawọ́ gba àpò. Bọ́láwùmí kúnlẹ̀, ó ń retí igbe. Màmá fọwọ́ pa awọ náà síwá sẹ́yìn, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tíṣà ti ra àpò tuntun," ó wí.

Ẹ̀rù tó ba Bọ́láwùmí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn obìnrin ìgbà Màmá kì í pe ọkọ lórúkọ. Tíṣà ló ń pe ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó bímọ; láti ọjọ́ ìkómọ Adéwùmí, kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Màmá, àpò Bàbá Adéwùmí ni. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ta ni Adéwùmí?" Màmá wò ó bí ìyàwó tuntun ṣe ń wo àlejò. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ ilé ta ni ọ́?"

 Bọ́láwùmí gbọ́ ìró ọ̀kadà ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ìgbàgbé Màmá ló pọ̀ sí i, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè títí ayé. Bí irọ́ náà ṣe rọrùn tó ló bà á lẹ́rù jù lọ.

Ó dìde, ó jáde sí ẹnu géètì, ó di apá ọkọ rẹ̀ mú kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ má tíì wọlé. Mo ti ṣe ohun kan."