Ìkarahun Ìgbín Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Kúbúrá

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Sìdí, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tó gbé omi láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìkòkò aró tí ìdajì rẹ̀ kò dà sílẹ̀. Bó bá sáré, ẹsẹ̀ á kọ ẹsẹ̀. Bó bá fẹ́ so okùn, okùn á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹnu rẹ aṣọ nílé aláró ní Bẹẹrẹ.

Àwọn ará ilé kò wá ìdí ọ̀rọ̀ lọ jìnnà. Wọ́n ní Kúbúrá, ìyá rẹ̀, ló jẹ ìgbín nígbà tó lóyún rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé aláboyún kì í jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa wọ́ bí ìgbín? Ẹ̀rí wọn kò ju ìkarahun kan ṣoṣo lọ, èyí tí ẹnì kan rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ìkarahun kan péré! Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń jẹ ìgbín tí Kúbúrá kò jẹ.

Nígbà tó yá, Mọ́gàjí Sàláúdéènì, olórí ilé, pàṣẹ. Bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, kí Kúbúrá kúnlẹ̀ láàárín agbo ilé, kó jẹ́wọ́, kí wọ́n ṣe sàráà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ kejì Jímọ̀ ni Sìdí yóò bá àwọn èèyàn Gàfárù, àgbẹ̀ kan nínú ẹbí, lọ sóko, níbi tí ojú kò ti ní tì ẹnikẹ́ni.

Fàsásì ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Ṣáà sọ pé o jẹ ẹ́. Gbólóhùn kan ni."

"Gbólóhùn kan náà ni wọn ó máa fi bú Sìdí títí irun rẹ̀ á fi funfun," ni Kúbúrá dá a lóhùn. "Mi ò sọ."

Nígbà tí Jímọ̀ dé, Kúbúrá kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà bó ti yẹ, ó sì dìde dúró. Ìyá Àkíbù, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó sítòsí ìkòkò aró tó tóbi jù. Ahọ́n rẹ̀ ni ilé náà gbójú lé. Bí kò bá tọ́ aró wò kó ní ó ti tó, aṣọ kò gbọdọ̀ kàn án.

Kúbúrá tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ ìkarahun jáde. "Ẹ̀rí yín nìyí. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò."

Inú rẹ̀ ti kún fún àbàwọ́n aró.

"Ta ló ń fi aró se ìgbín nínú yín?"

Àwọn obìnrin kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Kúbúrá kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ fún mi ní ìkarahun yìí kí n máa fi bu aró fún yín tọ́ wò. Nígbà oyún Sìdí, ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ ní àwọn oníbàárà ń bọ̀ wá kó aṣọ, kí n dìde. Mo ru eérú tí a fi ń po aró láti Ọjà'ba dé ibí, mo ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù. Oṣù keje oyún náà ni Sìdí wáyé. Òwú lẹ fi dì í, ẹ gbé e sínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí òtútù má baà pa á. Bóyá ibà ni, bóyá eérú ni, bóyá oṣù tí kò pé ni, mi ò mọ̀. Ìgbín kọ́!"

Ojú gbogbo ilé yí sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

"Èmi ni mo fún un," ni Ìyá Àkíbù wí. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó ní èmi ni mo ba ọmọ jẹ́."

Mọ́gàjí wú ikọ́. "A ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè gbé omi, kí la fẹ́ fi ṣe nídìí aró?"

"Kó máa dà á. Èyí tó bá dà, èmi ni n ó tún pọn. Bó bá lọ sóko, èmi náà ń lọ, kẹ́ ẹ wá ẹni tí yóò máa rẹ aṣọ yín," ni Kúbúrá dá a lóhùn.

Ìyá Àkíbù dìde láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gba ìkarahun, ó bu aró, ó tọ́ ọ wò. "Èyí ti tó," ló wí. Ó bu òmíràn, ó nà án sí Sìdí.

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ọwọ́ ń gbọ̀n, aró dà sí i láyà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù tó kan ahọ́n rẹ̀. Ó fajú ro.

"Kò tíì tó, Ìyá."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" ni ẹnì kan jágbe.

Ìyá Àkíbù tún tọ́ ọ wò, ó sì jẹ́ kó pẹ́ lórí ahọ́n. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn obìnrin tó ti kó aṣọ dání.

"Ẹ kó aṣọ padà. Ó di ọ̀la, bí Sìdí bá tún tọ́ ọ wò."