Sìmẹ́ǹtì Lára Ògiri Amọ̀

Ọ̀dà pupa ni Bùsírátù kọ́kọ́ fojú kàn nígbà tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Ìlà méjì tó dábùú ara wọn, lára ògiri ilé ọkọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà gan-an. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ. Ó ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kò fọwọ́ kàn án. Ó wo òkè títì, ó wo ìsàlẹ̀. Ilé Sàfúrátù, aláró bíi tirẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ní tiẹ̀ lára. Èyí tó kọjú sí wọn náà ní. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn ọkùnrin kan ń fa téèpù láti àárín títì, obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò sì ń tọ́ka síhìn-ín sọ́hùn-ún. Gbogbo àdúgbò Ìtòkú ló ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fẹ títì, kí wọ́n sì la gọ́tà sí i. Ibi tí títì ọ̀hún máa fẹ̀ dé ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ó yẹ kó lọ bi wọ́n. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Ó tilẹ̀ so gèlè, ó gbẹ́sẹ̀ kan sọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ ó rò ó pé bí wọ́n bá rójú òun, wọ́n á rántí ilé òun. Ló bá padà wọlé, ó pa ìlẹ̀kùn dé, ó ń yọjú wò wọ́n lójú fèrèsé títí wọ́n fi lọ.

Ilé yìí nìkan ló ní. Amọ̀ ni, àwọn baba ọkọ rẹ̀ ló mọ ọ́n, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í ráyè wọlé. Yàrá àárín ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀, Sàlàhúdíìnì, sí. Ẹní ló tẹ́ lé ojú ibẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ìkòkò aró wà, èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ rì mọ́lẹ̀, tí èèyàn ò lè hú kó má fọ́. Bí katapílà bá wó ilé náà, níbo ló máa kó ìkòkò lọ? Níbo ló máa gbé Sàlàhúdíìnì lọ?

Ọ̀sán ni Jùbrílù, àbúrò ọkọ rẹ̀, dé, eruku funfun ní ìpéǹpéjú. Awakọ̀ tírélà ni, Ewékorò ló ti ń gbé sìmẹ́ǹtì.

"Ìyàwó wa, ilé yín náà ti kọlà!"

"Ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀, ọkọ mi. Àyà mi ń já."

"Kí ló ń já a? Ẹ gbọ́ mi. Ilé amọ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Gbogbo ayé ló ń lé amọ̀ kúrò nígboro báyìí. Ẹ lọ wo Èkó. Ẹ ti rí ibi tí katapílà ti wó ilé sìmẹ́ǹtì rí?"

Bùsírátù rò ó. Kò rí i rí. Àmọ́ kò rí katapílà rí rárá, níbi ilé èyíkéyìí.

"A ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ níwájú," ni Jùbrílù wí. "A ó dí àwọn ihò atẹ́gùn òkè ògiri yẹn, torí ilé ayé òde òní kì í ní wọn. A ó wá gbé òpó mẹ́rin síta, a ó kọ́ fàráńdà sí i. Bí wọ́n bá padà dé, wọ́n á ní àwọn ṣìnà."

Sàfúrátù ti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ dá sí i. "Jùbrílù, ṣé ó máa kù tó o máa fi bá mi rẹ́ ojú mi? Ó ti ń hun jọ."

"Tiyín ti kọjá ohun tí sìmẹ́ǹtì lè ṣe, ẹ̀gbọ́n!"

Sàfúrátù bú sẹ́rìn-ín. Bùsírátù ò rẹ́rìn-ín, ògiri ló ń wò. Ó ní kí wọ́n ṣe é.

Àwọn bíríkìlà dé, wọ́n ṣe é, ó sì dán. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n parí rẹ̀, Bùsírátù jáde sí títì, ó dúró wò ó bí àlejò. Ọkàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀.

Kò pẹ́ tí ooru fi bẹ̀rẹ̀. Ilé tí àwọn ará ilé páànù máa ń sá wá jókòó sí lọ́sàn-án ti di ààrò. Jùbrílù gbé fáànù wá fún un. Bí iná bá dé, fáànù á yí díẹ̀, iná á tún lọ. Òjò rọ̀, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn láti inú. Nígbà tó fi ìka kan sìmẹ́ǹtì náà, ó dún bí akèrègbè òfìfo, bíi pé kò lẹ̀ mọ́ amọ̀. Ó yọwọ́ kíá, ó sì wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. Bí ọkọ̀ ńlá kan bá ti kùn lókè títì, á fi aṣọ sílẹ̀ nínú aró, á sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ dúdú méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, kì í ṣe katapílà ló bá níbẹ̀. Obìnrin oníṣòkòtò ni, òun àti téèpù rẹ̀.

"Ẹ kúulé o, Màmá. Adérónkẹ́ lorúkọ mi, láti ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìlú. Ta ló kọ́ fàráńdà yìí?"

"Ó ti pẹ́ níbẹ̀," ni Bùsírátù wí.

"Màmá. Èmi ni mo fọ̀dà síbí. Kò sí níbẹ̀ nígbà yẹn."

Jùbrílù fò sọ̀kalẹ̀ látinú tírélà tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Ọ̀gá, ilé sìmẹ́ǹtì ni o! Kì í ṣe amọ̀!"

"Ta ló sọ fún yín pé amọ̀ la fẹ́ wó? Àárín títì la ti ń wọ̀n ọ́n wá. Iwájú ògiri yín gan-an ni gọ́tà parí sí, ìyẹn la fi ọ̀dà sàmì sí. Ilé yín ò sí lọ́nà rárá." Ó na téèpù náà, ó dúró síbi tó dé. Ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀. Òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níwájú. "Àmọ́ ó ti wà lọ́nà báyìí."

Jùbrílù lọ fọwọ́ ti òpó kan wò.

"Katapílà á fa òpó yìí," ni Adérónkẹ́ wí, "òpó á sì fa ògiri tẹ́ ẹ so ó mọ́." Ó wo òkè. "Ẹ tún dí ihò atẹ́gùn! Lókè òkun tí mo ti kàwé, látìgbà tí epo rọ̀bì ti wọ́n, ilé tí kò ní máa jẹ iná ni wọ́n ń wá. Irú ògiri yín yìí ni wọ́n ń yà sí pátákó fún wa."

"Òyìnbó ń wá ilé amọ̀?" ni Jùbrílù wí. "Ọ̀gá, ẹ bá wa tà á fún wọn!"

Adérónkẹ́ rẹ́rìn-ín. Bùsírátù ò gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà. Ó béèrè ohun tí kò lè béèrè lọ́jọ́ ọ̀dà.

"Ìgbà wo... ìgbà wo ni katapílà ń bọ̀?"

"Ó ti dé òkè lọ́hùn-ún. Ọ̀la ló máa dé ọ̀dọ̀ yín."

"Bí a bá fọwọ́ ara wa wó òpó náà ńkọ́?"

"Tí kò bá ti sí níbẹ̀, Màmá, mi ò ní nǹkan kan bá yín fà."

Jùbrílù ní òun ń lọ wá àwọn bíríkìlà padà. Bùsírátù ò dúró dè é. Ó wọlé, ó gbé ọmọ odó tó fi ń gún ewé ẹ̀lú fún aró, ó kọ́kọ́ lu ibi tí fàráńdà ti so mọ́ ògiri, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Sìmẹ́ǹtì náà là. Sàfúrátù gbé ọkọ́ jáde, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Nígbà tí Jùbrílù máa fi kó àwọn bíríkìlà dé, ara fàráńdà ti ya kúrò lára ilé. Wọ́n fi okùn fa àwọn òpó náà síta, lọ́kọ̀ọ̀kan. Sìmẹ́ǹtì ń bó lára ògiri bí èèpo, amọ̀ ń bá a lọ níbòmíràn. Èyí tó kù tutù, ó dúdú. Ó ṣì dúró.

Katapílà dé lọ́jọ́ kejì. Bùsírátù ò lè dúró síta wò ó. Yàrá àárín ló wà, lórí ẹní Sàlàhúdíìnì, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ògiri. Ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ògiri ń gbọ̀n. Iyẹ̀pẹ̀ ń dà sí i léjìká. Ariwo náà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró pẹ́ níbẹ̀, ó ń gbẹ́lẹ̀, ó wá kọjá síwájú ilé Sàfúrátù.

"Ìyàwó wa!" Jùbrílù ló ń pariwo níta. "Ẹ jáde, ó ti lọ! Ẹ wá jókòó, kí ẹ mí!"

Ó jáde. Gọ́tà tuntun là sílẹ̀ gbayawu ní bèbè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí i. Ó gbé àpótí sídìí ògiri, ó gùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin gbẹ́ sìmẹ́ǹtì kúrò lójú àwọn ihò òkè. Èyí àkọ́kọ́ là, atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú. Ó dúró díẹ̀, ó tẹ́tí sí òpin títì níbi tí katapílà ṣì ti ń kùn. Ó sún àpótí síwájú, ó bọ́ sórí èkejì.