Ọmọ Tí Kò Ké Kò Tíì Dé

Ilé ti kẹ̀yìn sí títì nígbà tí Fadérera ti oko dé. Ẹnu ọ̀nà tó ti ń kọjú sí títì láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ilé náà ti lọ sí ibòmíràn. Ògiri gbọọrọ ló dúró níwájú rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu. Ó sọ igi ìdáná kalẹ̀, ó sì wá àwọn ọmọ lọ.

Àwọn ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gámáì ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ilẹ̀ Làìbéríà. Síà ni àbúrò, ọmọ Sàró. Àgọ́ àwọn ogunléndé ni Fadérera ti gbà wọ́n tọ́, lẹ́yìn tí ogun ti kó bàbá àti ìyá kálukú wọn lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ rí. Àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ọmọ tó ní.

"Màámi, ilé ò jẹ́ ká wọlé," ni Gámáì wí.

Fadérera na ọwọ́ kan ògiri. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn gan-an. Ó rí ìkòkò ọbẹ̀ lórí ààrò, ó rí ẹní tí wọ́n ká sí igun. Ó ní kí Síà kọ́kọ́ wọlé. Bí ẹsẹ̀ Síà ṣe kan ibẹ̀, ògiri ni. Ilẹ̀kùn ti sún lọ sí apá kejì.

"Kí ló dé?" Fadérera bi ilé.

Ilé dá a lóhùn láti inú páànù. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. "Mo mọ̀ ọ́, ìyàwó. Mo mọ ọkọ rẹ. Àwọn wọ̀nyí, ta ló fi wọ́n hàn mí?"

"Inú rẹ ni wọ́n ń sùn láti ọjọ́ yìí wá!"

"Eku náà ń sùn nínú mi."

Ìgbà náà ni Fadérera rí ọ̀nà. Ọ̀nà pupa tí àwọn ọmọ náà bá wá láti ìlú wọn ti wá wọn dé. Ó ká jọ sẹ́sẹ̀ ògiri bí ajá tó ń dúró de olówó rẹ̀, ó ń rùn bí òkun. Ó ti gun orí ẹsẹ̀ Síà. Àwọn ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà ti di ọ̀nà, èèrà ti ń tò kọjá lórí wọn.

"Kò dùn mí," ni Síà wí.

Fadérera mọ̀ pé bí oòrùn bá wọ̀ tí àwọn ọmọ ṣì wà níta, ọ̀nà náà yóò kó wọn lọ, kò sì ní sí ẹni tí yóò pe òun ní Màámi mọ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó lórí odó tó dojú dé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá náà ti kú tipẹ́. Ìṣojú Fadérera ni wọ́n ṣe sin ín. Eyín ọmọdé ló ń bọ́ jáde nínú èèpo ẹ̀gúsí tó ń bó, ó sì ń jù wọ́n sínú igbá.

Fadérera kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màámi."

"Ìyàwó, o mà sanra o! Àṣé ikú mi bá ọ lára mu."

"Ẹ fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀, Màámi. Ilé ò gba àwọn ọmọ mi."

"Ṣé o gbé wọn sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀?"

Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí agbo ilé náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á da omi sórí òrùlé, wọ́n á gbé ọmọ sábẹ́ ibi tí omi ti ń ro sílẹ̀. Bí omi bá bà á tó bá ké, ará ilé á hó yè. Ọmọ ti dé nìyẹn. Fadérera ti fi oyin àti iyọ̀ kan àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ṣe ti omi.

"Wọ́n ti ń fọ abọ́ nígbà tí mo gbà wọ́n, Màámi. Ta ní ń gbé ọmọ tó ti pààrọ̀ eyín sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀?"

"Ilé ò mọ eyín. Omi ló mọ̀."

Fadérera bu omi nínú àmù, ó dà á sórí òrùlé. Omi náà gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó tún bù ú, ó tún dà á. Àmù gbẹ, ilẹ̀ abẹ́ òrùlé náà sì gbẹ táútáú. Ọ̀nà ti dé orúnkún Síà.

Ó gbójú sókè. Obìnrin kan jókòó sórí páànù, ó tẹ́ ìró rẹ̀ sórí itan. Gbogbo omi náà wà nínú ìró, kò sì jò. Nígbà tó kọjú sí ọ̀tún, ojú Gámáì ni. Nígbà tó kọjú sí òsì, ojú Síà ni. Aṣọ rẹ̀ ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ," ni obìnrin náà wí.

"Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí omi ó ro sílẹ̀."

"Lé ta lórí?"

"Lé àwọn ọmọ lórí."

"Àwọn yẹn ti gba omi tiwọn. Èmi tí mo bí wọn ni mo gbé wọn sábẹ́ rẹ̀. Òrùlé tí omi náà ti ro sílẹ̀ ti jóná, omi náà ò jóná." Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Nínú yín, ta ni wọn ò tíì fi hàn mí?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Fadérera rí i pé òun ni àwọn ọmọ ń wò.

Gámáì dìde. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Fadérera, ó sì gbé e nílẹ̀. Fadérera fúyẹ́ bí ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì lófuurufú. Ọmọ náà gbé e lọ sábẹ́ òrùlé bí ẹni gbé ohun tí kò fẹ́ kó fọ́. Obìnrin náà ṣí ìró.

Omi náà tutù, ó níyọ̀. Fadérera pa ẹnu dé. Ojú ń tì í láti sunkún níwájú àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó, má ṣe akin," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. "Ọmọ tí kò ké kò tíì dé o."

Omi tún bọ́. Ọ̀nà ti dé ìbàdí Síà, Síà sì ń wò ó, kò ṣẹ́jú. Fadérera la ẹnu, ó ké. Kì í ṣe igbe àgbàlagbà. Igbe kékeré ni, ó tinrín, ó sì pẹ́ kó tó tán.

"Ó ké o!" Síà pariwo. "Ó ti dé!"

Gámáì hó, ìyá ọkọ rẹ̀ hó, obìnrin orí páànù pàtẹ́wọ́. Ilé yí padà díẹ̀díẹ̀ bí àgbà tó ń yíra lójú oorun, ẹnu ọ̀nà sì wá dúró níwájú wọn. Ọ̀nà pupa bọ́ kúrò lára Síà, ó gbọnra, ó kọrí sí apá òkun, kò wẹ̀yìn.

"Kí la ó máa pè é?" ni obìnrin náà bi Gámáì.

Gámáì ronú, ó sì dá orúkọ kan ní èdè ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Fadérera ò gbọ́ orúkọ náà rí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ. Ó fẹ́ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ wá eyín kiri, kò bá ẹyọ kan. Igbá ìyá ọkọ rẹ̀ ti kún.

Síà ló pọ̀n ọ́n. Ó fi ọ̀já gbà á, ó so ó dáadáa bí Fadérera ṣe kọ́ ọ, ó sì gbé e kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ò sún lọ mọ́. Fadérera gbé etí lé ẹ̀yìn ọmọ náà. Nínú ibẹ̀, nínú ilé àwọn tó bí Síà, ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn kan ń fẹ́ iná, tí wọ́n ń to abọ́, tí ẹnì kan sì ń wí pé kí wọ́n bo oúnjẹ Fadérera, pé ó kù díẹ̀ kó dé.